Ohun Tí Bàbá Ráfátù Kò Bá Bú

Bí bàbá àgbà mi bá fẹ́ ta àga fún èèyàn, ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ti kán ni wọ́n máa kọ́kọ́ fi hàn. Wọ́n á gbé àga náà sókè, wọ́n á yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún kí gbogbo èrò lè rí i, wọ́n á wá ní, “Àga nìyí. Ẹsẹ̀ mẹ́rin ló yẹ kó ní. Mẹ́ta ààbọ̀ ló ní. Ẹni tó bá sanra, kó má dá a láṣà.” Èrò á bú sẹ́rìn-ín. Kí ẹ̀rín náà tó tán, ẹnì kan á ti dá owó lé àga.

Gbàǹjo ni iṣẹ́ wọn. Bàbá Ráfátù ni gbogbo èèyàn ń pè wọ́n, nítorí pé Ráfátù ni orúkọ ìyá mi, tó jẹ́ àkọ́bí wọn. Òkákà ni wọ́n ń gbé, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn dé Ṣakí, ó dé Ìgànná, ó dé Ìgbẹ́tì. Bí olówó kan bá kú tí àwọn ọmọ rẹ̀ kò fẹ́ oko, tàbí tí àgbẹ̀ kan bá darúgbó tó fẹ́ kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ ní Ìbàdàn, Bàbá ni wọ́n máa ránṣẹ́ sí pé kí wọ́n wá fi agogo ta ẹrù: ẹran ọ̀sìn, ẹ̀rọ oko, bẹ́ẹ̀dì, ìkòkò, àní títí kan ṣíbí ìjẹun. Ẹni tí owó rẹ̀ bá ga jù, tí Bàbá bá ti ka ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, tí wọ́n sì lu agogo, òun ló ni ọjà. Kò sí dídá padà.

Torí pé kò sí dídá padà yìí ni Bàbá ṣe ń sọ àbùkù ọjà. Àwọn onígbàǹjo mìíràn a máa yin ọjà bí ẹni ń yin ìyàwó tuntun. Bàbá kò yin ohunkóhun rí létí mi. Bí wọ́n bá máa tajà lọ́la, òní ni wọ́n á ti lọ sí ibẹ̀. Wọ́n á fọwọ́ kan gbogbo nǹkan, wọ́n á tẹ̀ ẹ́, wọ́n á mì í, wọ́n á fi imú gbọ́ òórùn rẹ̀. Wọn kì í kọ ohunkóhun sílẹ̀, nítorí wọn kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì kò sí ihò kan lára ìkòkò kan tí wọ́n máa gbàgbé.

Níbi àdúà ọjọ́ kẹjọ wọn, ààfáà tó ṣe wáàsí sọ pé ìbẹ̀rù Ọlọ́run nìkan ló mú kí Bàbá máa sọ òótọ́ nípa ọjà. Gbogbo ilé ṣe àmín, èmi náà ṣe é. Ṣùgbọ́n ọdún márùndínlógójì ni mo fi kọ́ ọmọ ilé-ìwé, n kò sì lè rí ìdáhùn tí kò pé kí n fún un ní máàkì kíkún. Ìbẹ̀rù Ọlọ́run wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ọgbọ́n ọjà náà wà níbẹ̀. Èèyàn tó bá ti gbọ́ àbùkù mẹ́ta lẹ́nu ẹni tó ń tajà fún un, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀ pé kò sí ìkẹrin, á sì fi ìbàlẹ̀ ọkàn yẹn fi owó kún owó. Ọjà tí Bàbá bá bú ló máa ń wọ́n jù. Mo bi wọ́n léèrè lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ olùkọ́ tí mo rò pé ayé wà fún mi láti yẹ̀ wò, pé, “Bàbá, òótọ́ tí ẹ ń sọ yìí, ṣé torí Ọlọ́run ni àbí torí owó?”

Wọ́n wò mí. Wọ́n ní, “Tíṣà, ṣé ìwọ náà kì í gba owó oṣù lórí òótọ́ tí ò ń kọ́ àwọn ọmọ?”

Fíríìjì kan wà tí wọ́n tà ní Òkákà, nínú ẹrù òṣìṣẹ́ ìjọba kan tí wọ́n gbé lọ sí ìlú mìíràn. Èèyàn pọ̀ níbẹ̀. Bàbá lu fíríìjì náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ́pẹ́pẹ́, wọ́n ní, “Kì í mú nǹkan tutù. Ariwo ló máa ń pa, ariwo náà ò sì dùn ún gbọ́.” Ìyàwó ìmáàmù àdúgbò wa ló rà á. Ọkọ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ya wèrè nígbà tí wọ́n gbé e wọlé. Ṣùgbọ́n obìnrin yẹn kò tan iná sí i lọ́jọ́ kan. Èlùbọ́ ló ń kó sínú rẹ̀, nítorí eku Òkákà kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí ilẹ̀kùn fíríìjì. Nígbà tí ìmáàmù wá fi ẹjọ́ sun Bàbá pé wọ́n ta òkú ẹ̀rọ fún aya òun, Bàbá ní, “Ìmáàmù, ohun tó bà jẹ́ tí a mọ ibi tó ti bà jẹ́, kì í pẹ́ tí á fi rí iṣẹ́ mìíràn ṣe.”

Ẹ má rò pé ìwà ọjà yìí kì í tẹ̀ lé wọn wọlé. Lọ́jọ́ tí àwọn àna mi wá tọrọ mi, tí a ti tẹ́ ẹní, tí a ti gbé omi tútù fún wọn, bàbá mi sọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ dáadáa bí ó ti yẹ. Lẹ́yìn náà ni Bàbá àgbà dìde. Ìyá mi ti mọ ohun tó ń bọ̀, ó fi ìborùn bo ojú.

“Ẹ̀yin àna wa,” ni Bàbá wí, “ọmọ nìyí. Bí ẹ bá ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, á dá yín dúró kó lè bá yín tún un sọ. Iyán rẹ̀ ní kókó. Bí inú bá bí i, kò ní sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ọjọ́ kẹrin ló máa wá sọ gbogbo rẹ̀ pa pọ̀.”

Ojú tì mí débi pé n kò mọ ibi tí mo máa fi orí sí. Bàbá ọkọ mi béèrè pé, “Bàbá, ṣé ó ti tán?”

“Ó ku ọ̀kan. Ó jọ mí.”

Bàbá ọkọ mi fi ọwọ́ lu itan. “Ẹ lu agogo o! Ó ti di tiwa!”

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, àfi Bàbá. Wọ́n ní, “A kì í ta ọmọ. Ohun tí ẹ máa bá nílé ni mo ń sọ fún yín.” Mo ti wà nílé ọkọ fún ohun tó lé lọ́gbọ̀n ọdún. Ọkọ mi sọ pé òun kò tíì rí àbùkù kan tí kò sí nínú èyí tí Bàbá kà lọ́jọ́ náà. Ó rò pé ẹ̀dùn ọkàn ni fún mi tí ó bá sọ bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀dùn ọkàn. Ohun ìtura ni.

Ẹni tó jìyà iṣẹ́ yìí jù ni Ìyá àgbà. Bàbá ní òfin kan tí wọn kì í rú: onígbàǹjo kì í ra ohun tí òun fúnra rẹ̀ ń tà. Ẹni tó bá fẹ́ rà á lè mọ̀ọ́mọ̀ rẹ owó rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ní, kò sì sí bí èèyàn ṣe máa jẹ́ ẹni tó ń tà àti ẹni tó ń rà kí ojú rẹ̀ má fọ́ sí apá kan. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kò sí ẹrù dáadáa tó wọ ìlú Òkákà nígbà náà tí kì í gba ọwọ́ Bàbá kọjá, nítorí náà kò sí èyí tó wọ ilé wọn. Àga tó nírọ̀rí, bẹ́ẹ̀dì onírin, tábìlì onígíláàsì, gbogbo rẹ̀ ni Ìyá àgbà máa ń fi ojú tẹ̀ lé bí wọ́n ṣe ń gbé e kọjá lọ sí ilé ẹlòmíràn.

“Bàbá Ráfátù,” ni wọ́n á sọ, “ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú àga kan ṣoṣo. Kó kàn jẹ́ pé ẹ bá mi gbàgbé rẹ̀ sẹ́yìn.”

“Ta ni yóò lu agogo lé e?”

“Èmi ni máa lù ú.”

“Obìnrin yìí fẹ́ sọ mí di olè ní ọjọ́ alẹ́ mi.”

“Olè kọ́, Bàbá Ráfátù. Ìdí ló ń dùn mí.”

Bí àlejò bá wá, orí ẹní ni wọ́n máa ń ní kó jókòó, Ìyá àgbà á sì sọ fún un kó tó béèrè, pé, “Ọkọ mi ta gbogbo àga Òkè-Ògùn tán, ilẹ̀ ló kù fún wa.”

Ọ̀rọ̀ kan wà tí gbogbo àwọn tó ń náwó níbi gbàǹjo ń sọ, tí mo fẹ́ ṣàlàyé bó ṣe bẹ̀rẹ̀, nítorí àwọn kan ti ń sọ ọ́ ní àsọdùn. Wọ́n ní, “Ohun tí Bàbá Ráfátù kò bá bú, má rà á.” Ìgànná ló ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n pe Bàbá síbẹ̀ láti ta ẹrù obìnrin kan tó ń ṣe gaàrí. Ọkọ̀ bàjẹ́ lọ́nà, wọ́n pẹ́ dé, wọn kò sì ráyè yẹ ẹrù náà wò tán. Nígbà tó kan ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́, Bàbá sọ òótọ́, pé, “Èyí, n kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.” Ọkùnrin kan rà á. Ó gbé e délé, ó tan án, ìdí ẹ́ńjìnnì náà sì là sí méjì. Kò lè bá Bàbá jà, nítorí wọn kò tàn án jẹ. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni àwọn tó ń rajà ti gbà pé ibi tí Bàbá bá ti dákẹ́ ni ewu wà. Wọ́n fẹ́ràn kí Bàbá bú nǹkan. Bí wọ́n bá bú u tán, ọwọ́ á máa nà sókè. Bàbá gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, wọ́n mi orí, wọ́n ní, “Ẹ wá wo ìyọnu: mo dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ti sọ ìdákẹ́ mi di òwe.”

Ibi tí mò ń lọ nìyí, nítorí n kò lè sọ irú èèyàn tí Bàbá jẹ́ láìsọ ọ̀rọ̀ màlúù Ìyá Ganí.

Ọlọ́rọ̀ kan tó ń gbé Ìbàdàn dá oko màlúù onímílíìkì sílẹ̀ lẹ́yìn ìlú Òkákà. Ìyá Ganí, opó kan ní àdúgbò wa, wà lára àwọn tó ń fún mílíìkì níbẹ̀. Ọdún méje ló fi tọ́jú màlúù kan tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí létí. Òun kò pè é ní nọ́ńbà. Àbẹ̀kẹ́ ló ń pè é. Díẹ̀ lára mílíìkì Àbẹ̀kẹ́ ni olóko yọ̀ǹda fún un, òun ló fi ń se wàrà tó ń tà lọ́jà, wàrà yẹn ló sì fi ń bọ́ ọmọ mẹ́rin. Nígbà tí olóko kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ní àwọn kò fẹ́ gbọ́ ohùn màlúù. Wọ́n ní kí Bàbá wá ta gbogbo rẹ̀, láti orí katakata dé orí àwo ìjẹun.

Àwọn alápatà Ṣakí ló máa ń ra màlúù níbi gbàǹjo, Mùdà sì ni olórí wọn, ọkùnrin gìrìwò kan tí ohùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ débi tó bá ń lọ. Ìyá Ganí ti gba èésú rẹ̀, ó ní iye kan lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò lè bá àwọn alápatà fa owó. Bí Mùdà bá ra Àbẹ̀kẹ́, ọjọ́ kẹta ló máa di ẹran lórí tábìlì, iṣẹ́ òòjọ́ Ìyá Ganí á sì bá a lọ.

Ilé-ìwé ti gba ìsinmi, mo wá láti Ìsẹ́yìn kí n lè ra àpótí ìwé tó wà nílé máníjà oko náà. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, Bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko náà dé, ibi tí wọ́n ti lọ yẹ ẹrù wò, wọ́n ń ṣe àlùwàlá lọ́wọ́, ni Ìyá Ganí wọlé, ó sì kúnlẹ̀ sórí omi àlùwàlá náà.

“Bàbá Ráfátù, ẹ gbà mí.”

“Dìde nínú omi, Ìyá Ganí. Kí ló dé?”

“Màlúù yẹn ni, Bàbá. Ẹ bá mi sọ fún wọn lọ́la pé ó ń wúkọ́. Ẹ kàn ní ikọ́ díẹ̀. Bí àwọn alápatà bá gbọ́, wọ́n á sá.”

“Ṣé ó ń wúkọ́ ni?”

“Kì í wúkọ́.”

“Èmi ni o wá fẹ́ kí n bá a fi ikọ́ sí ọ̀fun. Ìyá Ganí, ṣé o mọ Mùdà? Bí mo bá ní màlúù ń wúkọ́, kíá ló máa rà á. Á ní kóun tètè pa á kí ikọ́ tó pa á.”

Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí sunkún. “Kí ni kí n wá ṣe, Bàbá? Ọmọ mẹ́rin ni.”

“Mo gbọ́. Etí mi ò di.” Bàbá fọ ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn, wọ́n fọ òsì, wọn kò kánjú. “Lọ́la, ìwọ ni kí o di okùn rẹ̀ mú. Kí o pa ẹnu mọ́. Tó bá tó àkókò, dá iye tó wà lọ́wọ́ rẹ.”

Ìyá Ganí lọ. Mo rò pé Bàbá kàn fi sùúrù lé e lọ ni.

Lọ́jọ́ kejì, èrò kún inú oko náà fọ́fọ́. Ara Bàbá yá gágá lọ́jọ́ náà. Wọ́n kọ́kọ́ ta katakata. “Ó máa ń lọ síwájú,” ni wọ́n wí. “Ẹ̀yìn ni kì í fẹ́ lọ. Ẹni tí kò bá gbàgbé nǹkan kan sẹ́yìn, kó rà á.” Àgbẹ̀ kan láti Ìgbẹ́tì rà á. Nígbà tó kan àpótí ìwé, Bàbá wò mí tààrà, wọ́n ní, “Ikán ti ka díẹ̀ nínú rẹ̀ ṣáájú yín.” Mo rà á bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn màlúù. Èyí kò ní eyín méjì, èyí ń tiro, èyí ti ya àgàn. Bàbá ń bú wọn, Mùdà àti àwọn èèyàn rẹ̀ ń rà wọ́n, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Ó wá kan Àbẹ̀kẹ́. Ìyá Ganí di okùn rẹ̀ mú.

“Màlúù nìyí,” ni Bàbá wí. Wọ́n sì dákẹ́.

Ẹnì kan wúkọ́ nínú èrò.

“Bàbá, ẹ máa bá a lọ,” ni Mùdà wí.

“Mo ti sọ tèmi.”

“Ẹ ò sọ nǹkan kan.”

“Mi ò ní nǹkan kan tí mo fẹ́ sọ.”

Mùdà sún mọ́ wọn díẹ̀. “Eyín rẹ̀ ńkọ́?”

“Ó pé.”

“Pátákò ńkọ́?”

“Ó dúró dáadáa.”

“Ṣé kì í wúkọ́?”

“Kì í wúkọ́. Ẹ tún bi mí. Mo wà níbí.”

“Bàbá, kí ló wá ṣe é?”

“Mùdà, màlúù ni. O ti rí i.”

Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láàárín àwọn alápatà. Mo dúró lẹ́yìn wọn, mo gbọ́ ọ. Ọ̀kan ní, “Fi í sílẹ̀ o. Bàbá ò bú u.” Èkejì ní, “Ó dájú pé ó ti jẹ ọ̀rá náílọ́ọ̀nù. Ọ̀rá á ti kún inú rẹ̀.” Ẹ̀kẹta ní, “Ọ̀rá bàwo? Ẹ̀ ń rántí ẹ̀rọ Ìgànná? Wàláì, mi ò fọwọ́ kàn án.” Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, wọ́n ti fi àìsàn márùn-ún sí ara màlúù tí kò ní ẹyọ kan. Mùdà wo Àbẹ̀kẹ́, ó wo ojú Bàbá, ó sì fi ọwọ́ sí àpò, kò nà án sókè.

Ìyá Ganí dá owó rẹ̀ pẹ̀lú ohùn ẹni tó ń jalè. Bàbá máa ń fi ẹ̀fẹ̀ sí àárín ẹ̀ẹ̀kan àti ẹ̀ẹ̀mejì kí ẹni tó ń ṣiyèméjì lè rí àyè ronú. Lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, agogo ti dún kí n tó mí. Ìyá Ganí kò dúpẹ́. Ó fa okùn màlúù rẹ̀, ó sì ń sáré lọ bí ẹni tí wọ́n lè pè padà.

Nígbà tí a ń lọ sílé, mo bi Bàbá pé, “Bàbá, ṣé ẹ mọ̀ pé ohun tí wọ́n máa rò nìyẹn?”

Wọ́n ní, “Tíṣà, ìbéèrè tí wọ́n bi mí ni mo dáhùn. Ṣé o máa ń gba máàkì lọ́wọ́ ọmọ lórí ìbéèrè tí o kò bi í?”

Kò tó oṣù mẹ́ta tí Mùdà gba Òkákà kọjá, tó sì rí Àbẹ̀kẹ́ lábẹ́ igi máńgòrò, ara rẹ̀ ń dán, ọmọ rẹ̀ ń mu ọmú. Ìròyìn náà dé Ṣakí ṣáájú rẹ̀. Àwọn èèyàn ní Bàbá Ráfátù tan àwọn alápatà. Àwọn mìíràn ní rárá, Bàbá kò purọ́, àwọn alápatà ló ya ọ̀lẹ tí wọn kò fi ojú ara wọn yẹ ẹran wò. Ó dùn mọ́ mi nínú nígbà náà pé àwọn tó gbè fún Bàbá pọ̀ jù. N kò mọ̀ pé iye èèyàn kọ́ ló ṣe pàtàkì.

Gbàǹjo tó tẹ̀ lé e, ní Ìgbẹ́tì ni, ẹrù ọkùnrin kan tó ń fọ́ òkúta. Bàbá gbé ìkòkò irin kan sókè, wọ́n ní, “Ó ń jò nídìí.” Ohùn kan ké láti ẹ̀yìn pé, “Ṣé lóòótọ́ ni, Bàbá? Àbí tòní náà yàtọ̀?” Èrò rẹ́rìn-ín. Bàbá gbé bẹ́ẹ̀dì, wọ́n sọ àbùkù rẹ̀. Ẹlòmíràn ní, “Bàbá, ẹ fi Ọlọ́run búra!” Ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n ń ṣe, kò sí ẹni tó bú Bàbá. Ṣùgbọ́n Bàbá gbé agogo lé ọmọ onílé lọ́wọ́, wọ́n gun ọ̀kadà, wọ́n sì padà wá sílé kí oòrùn tó dé àárín ọ̀run. Ìyá àgbà bá wọn lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní, “Ẹ tètè dé.” Bàbá ní wọ́n ń bi òun bóyá lóòótọ́ ni. Ìyá àgbà gbé omi fún wọn, wọn kò sì bá wọn jà nípa nǹkan kan títí ilẹ̀ fi ṣú. Ohun tí Bàbá wí nígbà tí wọ́n mu omi náà tán ni pé, “Onígbàǹjo tí wọ́n bá ń bi bóyá lóòótọ́ ni, agogo ọwọ́ rẹ̀ ti di irin lásán.”

Wọn kò ṣe gbàǹjo mọ́ láti ọjọ́ náà títí wọ́n fi kú, ó sì ju ogún ọdún lọ. Wọ́n padà sí oko ẹ̀gúsí. N kò ní pa irọ́ pé kò dùn wọ́n. Bí wọ́n bá gbọ́ pé gbàǹjo wà níbì kan, wọ́n á gba ọ̀nà mìíràn lọ sí mọ́ṣáláṣí. Ẹni kan ṣoṣo tí ọ̀rọ̀ náà ṣe láǹfààní nínú ilé ni Ìyá àgbà, nítorí pé ẹni tí kì í ṣe onígbàǹjo mọ́ lè rajà níbi gbàǹjo. Ọ̀sẹ̀ kejì ni Ìyá àgbà ra àga mẹ́fà.

Ìyá Ganí kò jẹ́ kí ọjọ́ jímọ̀ kan kọjá láìgbé wàrà wá. Bàbá á jẹ ẹ́ tán, wọ́n á ní iyọ̀ kò tó, tàbí wọ́n á ní omi pọ̀ nínú rẹ̀. Ìyá Ganí á ní, “Bàbá, ẹ kò ní yìn mí láé?” Bàbá á ní, “Tí mo bá yìn ọ́, ta ni yóò rà á?” Ìgbà tí Àbẹ̀kẹ́ máa fi kú, ọmọ rẹ̀ àti ọmọ ọmọ rẹ̀ ti wà nílẹ̀, Ganí sì ti parí ilé-ìwé gíga. Wàrà kò dáwọ́ dúró.

Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí ara Bàbá kò yá mọ́, tí wọn kò lè dìde láti kírun, wọ́n ní kí n fi fóònù pe gbogbo ẹni tí wọ́n bá gbé pọ̀ kí wọ́n lè tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn, bí ẹni tó ń múra ìrìn-àjò ṣe máa ń ṣe. Ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n dárúkọ ni Mùdà.

Mùdà wá láti Ṣakí lọ́jọ́ kejì. Ó ti di Àlájì, irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ṣì ṣáájú rẹ̀ wọlé. Ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

“Bàbá wa, Ọlọ́run á fún yín lálàáfíà. Kí ni mo ṣe tí ẹ fi ránṣẹ́ pè mí?”

“Èmi ni mo ṣe. Mo fẹ́ kí o forí jì mí. Màlúù Ìyá Ganí.”

Mùdà na ọwọ́ méjèèjì. “Háà, Bàbá! Màlúù tó ti kú tipẹ́! Ẹ ò ṣẹ̀ mí. Gbogbo ohun tí mo bi yín lẹ dáhùn, òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Àwa la dẹ́rù ba ara wa. Mo ti forí jì yín kí ẹ tó bẹ̀ mí.”

Bàbá gbọn orí lórí ìrọ̀rí. “Àbùkù kan wà lára rẹ̀.”

Mo gbé ife tí mo mú dání kalẹ̀.

“Ó máa ń tani nípàá,” ni wọ́n wí. “Bí ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ tutù bá fẹ́ fún mílíìkì lára rẹ̀, á ta á nípàá. Ó ta mí ní itan lọ́jọ́ tí mo lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Mo mọ̀ ọ́n, n kò sì sọ.”

Mùdà rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀, ó fi etí agbádá nù ún. “Ìpá, Bàbá? Kí ni ìpá fẹ́ fi alápatà ṣe? Ká ní ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ náà ni, ọkàn mi ì bá balẹ̀, ǹ bá sì ti rà á.”

Bàbá ti di ojú. “Ìdí tí n kò fi sọ ọ́ nìyẹn.”